Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Lo Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Wọn Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Ìgbafẹ́

Ọjọ́ tí tọkọtaya bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kì í gùn tó bí wọ́n ṣe rò. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ èrò máa ń wọlé, ọkọ̀ a sì gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Láàárín wákàtí díẹ̀ yìí ni wọn yóò gba káàdì tí ń ṣílẹ̀kùn yàrá, tí wọn yóò wá yàrá wọn rí, tí wọn yóò jẹun, tí wọn yóò sì kọ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe bí ewu bá dé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má ṣe fi ìgbádùn ṣáájú iṣẹ́: kí gbogbo ohun tí ó jẹ́ dandan ti parí kí wọ́n tó tú okùn ọkọ̀, kí ọkàn àwọn méjèèjì lè balẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ni ó máa ń fẹ́ kí èrò forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, kí ó fi àwòrán ojú rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó kọ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí ó sì yan aago tí yóò dé èbúté. Ẹ yan aago kan náà. Ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, pàápàá bí ìgbéyàwó yín kò bá tíì pẹ́, nítorí bí ìyàwó bá fi orúkọ ọkọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ bàbá rẹ̀ sì ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n lè dá a dúró ní èbúté. Ẹ pe iléeṣẹ́ náà kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí àyè ṣì wà.

Ní èbúté

Àwọn aláàárù yóò gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ìwé tí ó ní orúkọ yín àti nọ́ńbà yàrá yín ti wà lára àpótí kọ̀ọ̀kan. Àwọn àpótí wọ̀nyí lè má dé ẹnu ọ̀nà yàrá títí di alẹ́. Ìdí nìyí tí báàgì ọwọ́ fi ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà: inú rẹ̀ ni kí ìwé ìrìnnà, oògùn tí ẹ ń lò, ṣájà fóònù, aṣọ ìwẹ̀ àti aṣọ tí ẹ lè wọ̀ jẹun alẹ́ wà. Mo fẹ́ràn kí ọkọ kó díẹ̀ nínú aṣọ ìyàwó sínú àpótí tirẹ̀, kí ìyàwó náà sì kó ti ọkọ sínú tirẹ̀, kí ó má baà di pé àpótí kan pẹ́, tí ẹnì kan nínú yín kò sì rí nǹkan wọ̀. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù, àbẹ́là àti kẹ́tùlù oníná sílé. Wọn yóò gbà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ẹrù wò, nítorí iná wà lára ohun tí àwọn atukọ̀ ń bẹ̀rù jù lójú òkun.

Ìdánrawò ààbò

Bí ẹ bá ti wọlé, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe oúnjẹ. Lára káàdì yín ni ẹ óò ti rí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ibi ìpéjọ yín, ìyẹn ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ lọ bí ewu bá dé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lónìí, ẹ óò wo fídíò kúkúrú lórí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà ẹ óò rìn dé ibi ìpéjọ kí òṣìṣẹ́ lè fi ẹ̀rọ ka káàdì yín. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, gbogbo èrò ni yóò péjọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fèrè kúkúrú méje tí fèrè gígùn kan tẹ̀ lé ni àmì ewu. Ẹ béèrè bóyá inú yàrá ni ẹ̀wù ìléfòó yín wà tàbí ibi ìpéjọ, kí ẹ sì wo bí a ṣe ń dè é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí sí àṣà lásán. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, ènìyàn 32 sì kú. Àwọn èrò tí wọ́n wọ ọkọ̀ náà ní èbúté Civitavecchia lọ́jọ́ yẹn gan-an kò tíì ṣe ìdánrawò, nítorí òfin ìgbà náà gbà pé kí a ṣe é láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí èrò bá wọlé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2015 ni SOLAS, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ti sọ ọ́ di dandan pé kí èrò tuntun ṣe é kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí ní kété tí ó bá gbéra.

Ẹ jọ lọ sí ibi ìpéjọ yín, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn, nítorí a kì í lo ẹ̀rọ agbéniròkè nígbà ewu. Ẹ tún bá ara yín ṣe àdéhùn kan: bí fèrè bá dún nígbà tí ẹ kò sí níbi kan náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ibi ìpéjọ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà sí yàrá láti wá ẹnì kejì. Ó lè ṣòro fún ẹni tí ó fẹ́ràn aya tàbí ọkọ rẹ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ óò fi tètè rí ara yín nìyẹn.

Yàrá, owó àti fóònù

Bí yàrá bá ti ṣí sílẹ̀, ẹ wo ibùsùn. Ó lè jẹ́ ibùsùn kéékèèké méjì tí a lè so pọ̀ tàbí kí a yà sọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú yàrá yóò ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́ bí ẹ bá tètè sọ. Ẹ kó ìwé ìrìnnà sínú àpótí onírin tí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ má sì ju ohunkóhun sínú ilé ìgbẹ́ àyàfi bébà rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń fa ìdọ̀tí lọ, ó sì máa ń dí kíákíá.

Káàdì tí ó ṣílẹ̀kùn náà ni ẹ óò fi máa rajà, nítorí a kì í sábà ná owó lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Káàdì báńkì yín ni wọn yóò so mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń yọ owó tààrà láti inú àpò ìfowópamọ́ yín, ọkọ̀ lè de owó kan mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Owó ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ sì wà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń kà sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́rùn lójoojúmọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti jọ fẹnu kò sí iye tí ẹ fẹ́ ná, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ẹ fi fóònù sí ipò tí a ń fi í sí nínú ọkọ̀ òfuurufú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú òkun tí ó ń gba orí sátẹ́láìtì wọ́n gan-an, fóònù sì lè so mọ́ ọn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Oúnjẹ àti ìgbéra

Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, ibi tí oníkálukú ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni èrò máa ń pọ̀ sí jù. Ẹ béèrè bóyá ilé oúnjẹ mìíràn ti ṣí. Níbikíbi tí ẹ bá ti jẹun, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, nítorí oògùn apakòkòrò tí a ń fi ra ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ràn norovirus, kòkòrò tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru nínú ọkọ̀. Bí òòyì òkun bá máa ń kọ lu ẹnì kan nínú yín, kí ó lo oògùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kò gbọdọ̀ dúró kí inú kọ́kọ́ máa rú u. Àárín ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ kì í mì tó iwájú tàbí òkè, ojú tí a bá sì tẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀run ti pàdé omi máa ń jẹ́ kí ara fúyẹ́.

Ọ̀sán ni kí ẹ ti gba àyè fún eré alẹ́ àti tábìlì ẹni méjì, nítorí àwọn tábìlì wọ̀nyí kì í pọ̀, wọ́n sì máa ń tètè tán. Lẹ́yìn náà, ẹ gun òkè ọkọ̀ lọ wo ìgbéra.

Kí ẹ tó sùn, ẹ jọ ka ètò ọjọ́ kejì, kí ẹ mú ohun kan tàbí méjì péré nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo aago ọkọ̀. Ó lè yàtọ̀ sí aago ìlú tí ẹ óò gúnlẹ̀ sí, òun sì ni wọ́n ń wò láti mọ ìgbà tí wọn yóò ká àkàbà tí a fi ń wọ ọkọ̀ kúrò nílẹ̀.