Ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí
Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó náwó sórí ìwé ìtàn Yorùbá, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ kọ, níbi tí wọ́n to orúkọ ìwé tí wọ́n lò sí. Èyí tó bá ń jẹyọ nínú gbogbo wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ọ̀mọ̀wé kì í fẹ́ fi ìwé yẹpẹrẹ ṣe ẹ̀rí. Ẹ ó rí i pé Samuel Johnson, àlùfáà Yorùbá tó kọ The History of the Yorubas, kò ní í wọ́n níbẹ̀: ó parí ìwé náà ní 1897, kò jáde títí di 1921! Àmọ́ ìwé tuntun kì í tètè dé ibẹ̀, Johnson náà sì gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́. Ẹ wá ìwé ìtàn Ìjẹ̀bú tàbí ti Èkìtì mọ́ ọn.