Òrùka tó dá gbígbọ̀n rímù tuntun dúró

Táyà mẹ́rin tí wọ́n ti dè mọ́ rímù ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún Corolla 2005 mi, èyí tí mo fẹ́ máa gbé lọ sáré lórí pápá. Ihò nọ́ọ̀tì máràárùn-ún bá a mu, 5x100 (ihò márùn-ún lórí òbìrí tó fẹ̀ ní mìlímítà 100). Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sí Kobapẹ́, tí eré dé 90, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọ̀gá fọkanáísà kan ní Láfẹ́nwá tún gbogbo ẹ̀ bálánsì. Kò yí padà. “Àbúrò, ìwúwo kọ́ ni wàhálà ẹ,” ló wí. Ó wọn ihò àárín rímù: mìlímítà 73.1. Họ́ọ̀bù Corolla, irin ara ọkọ̀ tí ihò àárín rímù ń wọ̀ sí, jẹ́ 54.1. Àlàfo yẹn pọ̀! Rímù ò jókòó sórí họ́ọ̀bù rárá, nọ́ọ̀tì nìkan ló ń dì í mú sí àárín, bó bá sì yẹ̀ díẹ̀ báyìí, gbígbọ̀n dé nìyẹn.

Òrùka tó ń dí àlàfo náà ni oògùn ẹ̀, 73.1 níta, 54.1 nínú. Ti álúmíníọ́mù ni mo rà, torí ooru bíréèkì lórí pápá lè yọ́ ti ike. A ha ìpẹtà họ́ọ̀bù kúrò, a fún nọ́ọ̀tì láti ìhà kan bọ́ sí òdìkejì nígbà tí táyà ṣì wà lókè, a wá fi sípánà oníwọ̀n parí ẹ̀ sí 103 Nm.

Ó dúró ṣinṣin títí dé Ṣágámù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè ihò àárín kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún ní kí wọ́n ya fọ́tò nọ́ńbà DOT ara táyà ránṣẹ́: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà.