Kí Ẹni Tí A Pè Lè Dé, Kí Ó sì Lè Jókòó: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agboolé ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù, fún àwọn baálé àti ìyálé, àti fún ẹnikẹ́ni tí ó ń gbèrò láti ṣe ìpàdé, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà tàbí àfihàn oko ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ìpè nìkan kò tó. Ẹni tí a pè gbọ́dọ̀ lè dé ibẹ̀, kí ó lè wọlé, kí ó gbọ́ ohun tí a ń sọ, kí ó rí nǹkan jẹ, kí ó sì lè lọ sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ó bá fẹ́ tura, láìjẹ́ pé wọ́n ń gbé e bí ẹrù tàbí pé gbogbo ojú ń wò ó.

Èmi tí mo kọ ìwé yìí kọ́ ọgbọ́n náà pẹ̀lú ìtìjú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo pe àwọn àgbẹ̀ kajú sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ní gbọ̀ngàn tí ó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá àgbà kan, tí oko kajú rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, wá pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ó wo àtẹ̀gùn náà títí, ó sì lọ jókòó sídìí igi máńgòrò tí ó wà nísàlẹ̀, nígbà tí a ń kọ́ àwọn yòókù lókè ní bí a ṣe ń gé ẹ̀ka igi kí oòrùn lè wọlé sí i. Kò sí ẹni tí ó lé e, ìwé ìpè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ wá jẹun ni mo tó rí i. Wọn kò ní kí n san owó kankan láti lo abẹ́ igi yẹn fún ìpàdé, bí mo bá ti rò ó ṣáájú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn tí ń bọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nínú ènìyàn 6 láyé, ó tó ẹnì 1 tí ó ní ìpèníjà ara tí ó ń dí i lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ irú ìpèníjà bẹ́ẹ̀ ni ojú kì í rí. Bàbá tí etí rẹ̀ ti ń di kò ní pe ara rẹ̀ ní adití láéláé. Yóò kàn máa mi orí sí gbogbo ohun tí a bá sọ, yóò sì darí sílé láìmọ iye oògùn tí wọ́n ní kí ó pò mọ́ omi. Ìyá tí orúnkún ń dùn yóò ní òun kò ráyè wá ni. Ẹ má ṣe wò ó pé kò sí irú wọn nínú ẹgbẹ́ yín.

Ẹ tún rántí irú ìlú tí a jẹ́. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti rin ìrìn àjò ajé jìnnà, dé Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti Gáná. Nígbà tí ìjọba Gáná lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní 1969, púpọ̀ nínú àwọn òbí wa ló padà wálé pẹ̀lú ọmọ tí a bí sí ọ̀hún. Títí di òní, bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ máa ń wà nínú agboolé. Ẹ fi àwọn Fúlàní tí ń ta wàrà àti àwọn òṣìṣẹ́ oko tí wọ́n wá láti Bẹ́núè kún un. Bí olùdarí ètò bá ń pa òwe léra wọn láìsí ẹni tí yóò túmọ̀, ara ogiri ni àwọn wọ̀nyí yóò máa wò. Àwọn àgbà wa sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ wá ọmọ ilé kan tí ó gbọ́ èdè wọn, kí ó jókòó tì wọ́n.

Bí ẹ ṣe máa béèrè ohun tí àlejò fẹ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ má béèrè pé, “Kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?” Ẹ sọ pé, “Kí ni ẹ fẹ́ kí a tò sílẹ̀ kí ó lè rọ̀ yín lọ́rùn?” Ẹ kọ gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìpè, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò gbọ́ èsì. Bí ó bá jẹ́ lórí WhatsApp ni ẹ fi ń pe àwọn ènìyàn, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ fún ẹni tí kò ríran àti ẹni tí kò mọ̀wé, kí ẹ sì tún tẹ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni tí kò gbọ́ràn. Àwòrán ìwé ìpè aláràbarà nìkan kò wúlò fún ẹni tí fóònù rẹ̀ máa ń ka ọ̀rọ̀ jáde fún un, nítorí fóònù náà lè má rí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àwòrán kà.

Ọjọ́ àti àsìkò

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi máa ń wà nínú ilé kan náà. Ẹ má ṣe fi ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tàbí òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹ sì rántí pé àwọn ìjọ kan wà tí Sátidé jẹ́ ọjọ́ mímọ́ wọn. Oṣù Ràmàdáànì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yára dé lọ́dọọdún, nítorí náà kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá kò lè tọ́ yín sọ́nà. Ọjọ́ ọjà náà ń gba àwọn obìnrin mọ́ wa lọ́wọ́, ìdí tí ìpàdé kan fi ń kún fún ọkùnrin nìkan kò sì ju èyí lọ nígbà mìíràn.

Ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Níbí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, níbí náà ni owó tí a nílò kò sì pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú ètò, kí ẹni kan rìn láti ibi tí ọ̀kadà tàbí mọ́tò yóò já àlejò sí títí dé orí ìjókòó, kí ó máa ti bárò níwájú bí ó ti ń lọ. Gbogbo ibi tí táyà bárò náà bá ti rì, tí ó kọ́, tàbí tí ó ní láti gbé e sókè ni kẹ̀kẹ́ arọ yóò ti dúró. Yanrìn tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀, gọ́tà tí kò ní ìdérí, okùn àtíbàbà tí a so mọ́ ilẹ̀ láàárín ọ̀nà àti wáyà jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé ènìyàn ṣubú. Ẹ so aṣọ funfun mọ́ okùn náà, kí ẹ sì gba ẹ̀yìn àga gbé wáyà kọjá.

Bí àtẹ̀gùn bá wà, ẹ fi pákó tí ó nípọn ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ̀ lé ni pé kí gíga íǹṣì 1 ní pákó tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní íǹṣì 6, pákó yín gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6; bí ó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dà bí òkè, kẹ̀kẹ́ yóò sì máa yọ̀ padà sẹ́yìn. Kí pákó náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì kí táyà má baà já bọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 3 náà ni kí ẹ fi sílẹ̀ láàárín àwọn àga. Ẹ yọ àga kan tàbí méjì kúrò ní àárín ìlà níwájú àti láàárín, kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè jókòó pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn jọ sí igun kan bí ẹni pé ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ̀yin tí ń ṣe àfihàn oko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àwọn àfín. Oòrùn ọ̀sán máa ń jó ara wọn, ó sì lè fa jẹjẹrẹ awọ ara fún wọn bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ojú ọ̀pọ̀ wọn kì í ríran jìnnà. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ àfihàn ní aago 7 òwúrọ̀, ẹ fi wọ́n síwájú lábẹ́ ibòji, kí ẹ sì mú ewé tàbí ọ̀gbìn tí ẹ ń fi hàn wá bá wọn kí wọ́n lè gbé e sún mọ́ ojú. Ẹni tí kò ríran rárá lè fi ọwọ́ mọ ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn ti ká kò. Mo ti rí i tí àgbẹ̀ kan ṣe é, ó sì sọ ìyàtọ̀ ewé tí ó dá pé àti èyí tí ó ṣàìsàn kíá.

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣáláńgá tí a ń lóṣòó sí kò ṣeé lò fún arúgbó àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Káfíńtà àdúgbò lè gé ihò sí àárín àga igi, kí ẹ gbé e lé orí ihò ṣáláńgá, kí ẹ sì ri òpó méjì tí wọ́n lè dì mú. Kí omi wà nítòsí, kí iná sì wà bí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ọ̀rọ̀ tí yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn

Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, láti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì ni èdè ọwọ́ tí àwọn adití tí wọ́n kàwé ń sọ ti tàn ká. Ìjọba àpapọ̀ tún dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 fún àwọn tí yóò máa kọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Bí ẹ bá ń wá ògbufọ̀, ẹ lè béèrè láàárín àwọn tí wọ́n kàwé jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ adití abúlé ni kò dé ilé ẹ̀kọ́ rí. Àmì tí wọ́n fi ń bá ìyá àti ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, ògbufọ̀ láti ìlú kò sì ní yé wọn. Ẹni ilé wọn ni kí ẹ pè, kí ẹ sì fún un ní àyè níwájú, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ sí i lójú. Kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn má ṣe dojú kọ àwọn arúgbó tààrà, kí onílù sì dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ.

Oúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí Mùsùlùmí pa ẹran tí gbogbo ènìyàn yóò jẹ, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn àlejò kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹ máa sọ ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ fún ẹni tí ó bá béèrè, nítorí ẹ̀pà àti edé lè mú kí ara ẹlòmíràn wú, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì dí. Kí omi lásán wà fún ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan kò tọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí ó ní ọwọ́ kan, abọ́ tí ó jinlẹ̀ àti tábìlì ni yóò ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe àwo pẹlẹbẹ lórí itan.

Ọ̀wọ̀ àti àṣà

Àwọn àṣà wa kan lè dójú ti àlejò bí a kò bá ṣọ́ra. Ẹni tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì nìkan ni ó ní, òun ni yóò fi gba nǹkan, òun ni yóò sì fi fúnni. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé ṣáájú kí wọ́n má baà pariwo. Kí àgbà tètè sọ fún ọmọ tí orúnkún rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ pé, “Má kúnlẹ̀, mo ti gbà á,” kí ó tó máa gbìyànjú. Bí ẹ bá ń mú ẹni tí kò ríran lọ, ẹ jẹ́ kí ó di ìgúnpá yín mú, kí ẹ sì dárúkọ ara yín bí ẹ bá ń kí i. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn onílù àti akéwì pé wọn kò gbọdọ̀ fi àbùkù ara pe ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ máa da owó sí ẹni orí kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀ bí alágbe nígbà tí ó jẹ́ àna ìyàwó.

Bí wárápá bá gbé ẹnì kan, kì í ràn. Ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe fi ṣíbí há a lẹ́nu, ẹ má sì fún un ní àgbo. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Òfin Nàìjíríà ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ka yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ fún ìyà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ dá wọn lóhùn bí a bá tò sórí ìlà, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe ẹnu ọ̀nà wọn. Bí ẹ bá fẹ́ háyà gbọ̀ngàn, ẹ béèrè nípa èyí kí ẹ tó san owó.

Nígbà tí ètò bá parí, ẹ má ṣe dá pákó náà padà fún káfíńtà. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára, kí akọ̀wé tọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa yá agboolé tí ó bá fẹ́ lò ó. Kí akọ̀wé náà tún lọ sí ilé àwọn tí a pè tí wọn kò wá, kí ó béèrè ohun tí ó dá wọn dúró, kí ó sì kọ èsì wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìpàdé tí ó kàn.