Bí àìsàn bá yí padà, ẹ tún ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ tò

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kàbà, èmi ni mo ń bójú tó ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí ẹ tó ra oògùn kankan, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé orúkọ aláìsàn, kí ẹ wo ohun tó gbé wọn wá láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, ibà ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Nísinsìnyí, àwọn ìyá àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló kún orí bẹ́ǹṣì.

Ibà, oògùn ọjọ́ mẹ́ta ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà ẹ má pín ti ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ wá pòórá. Ó sàn kí ẹ mú ìwọ̀nba èèyàn tí oògùn wọn kò ní já.

Ẹ fún kálukú ní káàdì. Kí ó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fi ẹ̀rọ wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí ọ̀kadà láti ìlú Ìyàrà, kí lẹ fẹ́ rí bí kò ṣe iye tó ga ju bó ṣe yẹ lọ? Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90 (140/90), ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Ẹ má ní kí wọ́n jáwọ́ nínú iyán. Ta ló máa gbọ́? Ẹ ní kí wọ́n dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, kí magí àti iyọ̀ sì dínkù.

Lásìkò ebè kíkọ, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ṣí, torí àwọn ọkùnrin wà lóko. Ẹni tí kò lè rìn mọ́, kí nọ́ọ̀sì kan máa lọ bá a nílé.