Ọjọ́ Orí Ẹlẹ́dẹ̀ àti Bakitéríà Inú Ìfun Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ìgbà tí a bá ń Gba Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Lẹ́nu Ọmú

A kọ ìwé kékeré yìí nítorí àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí a bá gbà wọ́n lẹ́nu ọmú. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ tàbí bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ ìyẹn dáadáa. Àṣìṣe kan tí a ń rí lójoojúmọ́ ni a fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀: ẹ má ṣe pààrọ̀ oúnjẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Láàárín wákàtí díẹ̀ tí a bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ti ń kó àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà sínú ìfun, láti ojú ara ìyá rẹ̀, láti orí ọmú, láti inú ìgbẹ́ àti láti ilẹ̀ yàrá. Oríṣi wọn kò pọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Àwọn bí E. coli ló máa ń tètè gbilẹ̀, àwọn tí ń jẹ ṣúgà inú omi ọmú, bí Lactobacillus, a sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọkà àti èèpo ọkà ni àwọn tó lè da irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, bí Prevotella, ń pọ̀ sí i, tí oríṣiríṣi bakitéríà inú ìfun sì ń pọ̀ bí ẹran náà ti ń dàgbà. Níbi tí oríṣi wọn bá ti pọ̀, èyí tó ń fa àrùn kì í rí àyè gbà. Ọmọ ọjọ́ 21 kò tíì ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà oúnjẹ tí ẹlẹ́dẹ̀ oṣù mẹ́rin ń jẹ tí nǹkan kan kì í ṣe é lè pa ọmọ náà.

Àwọn olùwádìí kan gba ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ 14, 21, 28 àti 42, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2020: àwọn tó pẹ́ lẹ́nu ọmú ni oríṣi bakitéríà inú ìgbẹ́ wọn pọ̀ jù. Ní tiwa, ẹ má ṣe gbà wọ́n kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Ẹ kọ ọjọ́ tí a bí wọn sára ògiri yàrá, kí ẹ má ṣe máa fi títóbi ara díwọ̀n ọjọ́ orí. Ọmọ ọjọ́ 20 tó sanra ṣì ní ìfun ọmọ ọjọ́ 20.

Ní ti omi ọmú àkọ́kọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mu tó 250 gíráàmù láàárín wákàtí 24 tí a bí i. Ẹ gbé àwọn tí kò lágbára sẹ́nu ọmú.

Láti ọjọ́ 10 ni kí ẹ ti máa gbé oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ níbi tí ẹnu ìyá kò ti lè dé, kí ẹ sì máa da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù láàárọ̀ àti lálẹ́. Oúnjẹ yìí gan-an ni wọn yóò jẹ ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà wọ́n lẹ́nu ọmú, òun náà ni wọn yóò sì jẹ fún ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ní ìwọ̀nba. Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ gbà wọ́n, ẹ po ìdá kan oúnjẹ tuntun mọ́ ìdá mẹ́ta ti àtijọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ po wọ́n ní dọ́gbadọ́gba. Ní ọjọ́ kejìlá, kí tuntun di ìdá mẹ́ta, kí ti àtijọ́ di ìdá kan. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, kí ó di tuntun pátápátá. Ní ibi tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí èròjà amáradàgbà inú oúnjẹ wọn má kọjá ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kí lysine, tí í ṣe ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di èròjà amáradàgbà, sì pé nínú rẹ̀, nítorí pé èyí tí ìfun kò bá lè dà ni E. coli ń jẹ. Kí ibi tí wọ́n ń sùn sí gbóná tó ìwọ̀n 28 Sẹ́lísíọ́sì, kí atẹ́gùn má fẹ́ lù wọ́n. Kí ẹnu omi máa tú ìdajì lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ìgò gbe, kí ẹ sì wo aago, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí ẹ gbà wọ́n lẹ́nu ọmú, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú yàrá, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ikùn wọn lẹ́yìn egungun ìhà. Èyí tí ibẹ̀ bá wọnú kò tíì jẹun. Èyí tí irun rẹ̀ dìde, tí ìdí rẹ̀ tutù, tí ìgbẹ́ olómi aláwọ̀ pupa rúsúrúsú sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn itan rẹ̀, àìsàn ti wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò ń dùn wá, nítorí pé a ti sọ ọ́ títí ó ti sú wa. Ẹni tó bá da oògùn sínú omi gbogbo ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, nígbà tí ara wọn le, pé òun ń dènà ìgbẹ́ gbuuru, ń pa àwọn bakitéríà tí ìfun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó jọ, ó sì ń fi èyí tí oògùn kò ràn mọ́ sílẹ̀ láti máa gbilẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de lílo oògùn apakòkòrò láti mú ẹran tètè dàgbà. Ẹran tó ń ṣàìsàn nìkan ni a ń fún, lẹ́yìn tí dókítà ẹran bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, a sì gbọ́dọ̀ lò ó pé iye ọjọ́ tí ó bá sọ.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ ní yàrá gbígbẹ tó gbóná, ẹ dá gbogbo wọn padà sí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ fún wọn ní omi oníyọ̀ tí dókítà ẹran bá là sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì pè é lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́.