Kọńtírólà yín kò lọ́ra, ẹ̀yin lẹ dì í lọ́wọ́

Ó ti sú mi. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ẹni tó ni ín á ní kọńtírólà mọ́tò òun, àpótí tó ń pàṣẹ fún mọ́tò ẹ̀rọ, kò lágbára tó, á sì sáré lọ ra èyí tó wọ́n jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn àṣìṣe mẹ́ta yìí kí ẹ tó náwó.

1. Fífi gbogbo prógíráàmù sí ipò iwájú, ìyẹn ipò àwọn tí kọńtírólà ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Àkókò ni kọńtírólà ń pín. Servo, iṣẹ́ tó ń darí mọ́tò, á kọ́kọ́ gba tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ní mìlísẹ́kọ́ǹdì 1 síra, kó lè wo ibi tí mọ́tò dé. Ìyókù ni tiyín. Bí mẹ́fà bá jọ wà níwájú, ta ló wá wà lẹ́yìn?

2. Kíka nọ́ńbà ipò sódì. Nínú IEC 61131-3, ìlànà àgbáyé fún kíkọ prógíráàmù kọńtírólà, 0 ló ga jù. Lórí àwọn kọńtírólà mìíràn, nọ́ńbà ńlá ló ga.

3. Loop, àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí kì í sinmi. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ ní kó wò ó bóyá sensor ti tàn. Kò tíì tàn, ó tún wò ó, ó tún wò ó, láìsí ìdúró kankan. Prógíráàmù tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ wá ń jẹ àkókò èyí tó ń ṣiṣẹ́.

Èmi náà jẹ̀bi o. Mo ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gé nǹkan. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì ìdádúró, á tún gé ẹ̀ẹ̀mejì kó tó gbọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú wáyà, mo pààrọ̀ bọ́tìnnì, mo bú ẹni tó so wáyà. Àṣé ìlà kan tó ń kọ ibi tí mọ́tò dé sójú kọ̀ǹpútà ni mo gbàgbé sínú loop ipò iwájú! Mo yọ ọ́, mo fi ìdúró mìlísẹ́kọ́ǹdì 10 sínú àwọn loop yòókù, ẹ̀rọ sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. N kò tíì bẹ ẹni tó so wáyà.

Ẹ má jẹ́ kí prógíráàmù méjì máa pàṣẹ fún axis (mọ́tò kan àti ohun tó ń gbé) kan náà. Kí ẹyọ kan ni ín, kí àwọn tó kù máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdádúró pàjáwìrì ńkọ́? Wáyà ni kó gbà, ipò yòówù kí prógíráàmù wà.

Ẹ tún máa wo àkójọ ohun tó ń ṣiṣẹ́. Mo ti bá prógíráàmù kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, torí bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ ń pè é láìwò bóyá ó ti ń lọ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ti sanwó kọńtírólà tuntun.