Bí A Ṣe Ń Yan Akọ fún Màlúù Oníwàrà: Ẹ Má Wo Lítà Nìkan

Màlúù tí kò bímọ kò lè ní wàrà. Síbẹ̀, bí a bá ń yan akọ, iye lítà tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fúnni ni ojú wa máa ń bá lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jíìnì (ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) tó ń sọ wàrà di púpọ̀ máa ń mú kí oyún ṣòro. Màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí a máa yọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ kó lè fi ṣe wàrà, ara tó bá sì ń gbẹ kì í tètè gba oyún.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ kọ bàbá màlúù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó bí, wàrà tó fún yín láàárín ọjọ́ 305, ọjọ́ tí ara rẹ̀ tún béèrè akọ, àti iye ìgbà tí ẹ fi àtọ̀ sí i kó tó lóyún. Ẹ yẹ oúnjẹ wò dáadáa kí ẹ tó di ẹ̀bi ru jíìnì.

Nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín màlúù kan sí èkejì, nǹkan bí 30 nínú 100 ti wàrà ló jẹ́ àjogúnbá. Ti oyún kì í sábà ju 5 lọ. Àwọn kan á ní yíyan akọ nítorí oyún kò wúlò nìyẹn. Irọ́ ni. Bí àwọn ọmọ tí akọ kọ̀ọ̀kan bí bá pọ̀ tó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín akọ kan sí èkejì á hàn kedere.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò DNA, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi jíìnì màlúù hàn. Irun ìrù tí ẹ fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ ti tó. Yóò sọ irú DGAT1, jíìnì kan tó kan ọ̀rá wàrà, tí màlúù ní: oríṣi kan ń mú ọ̀rá wàrà pọ̀, ó sì ń dín iye wàrà kù. Èyí tó dára wà lọ́wọ́ ohun tí oníbàárà yín ń sanwó fún.

Àyẹ̀wò yìí náà ló ń tú àṣírí àbùkù tó fara pamọ́. Akọ Holstein (ìran màlúù oníwàrà kan) kan wà tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà ní 1962, Pawnee Farm Arlinda Chief. Wàrà àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ débi pé ìran rẹ̀ gba ayé kan, ṣùgbọ́n ó gbé jíìnì APAF1 tó ti bàjẹ́ lára. Bí akọ àti abo tí àwọn méjèèjì gbé e bá pàdé, ọlẹ̀ kan nínú mẹ́rin ni yóò kú sínú. Olùsìn kò ní rí òkú kankan. Ohun tó máa rí ni pé abo tún ń wá akọ, á sì máa bínú sí ẹni tó fi àtọ̀ sí i. Ẹ má tìtorí èyí ta màlúù tó gbé e. Akọ tí kò ní in ni kí ẹ fún un, ẹ sì rí i pé òun àti akọ náà kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́.

Ó kù kí ẹ dúró. Oyún á gba bí oṣù mẹ́sàn-án, ẹgbọrọ á sì tó bí ọmọ ọdún méjì kó tó bí tirẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tún ṣí ìwé yẹn, kí ẹ fi tọmọ wé ti ìyá.